Ìbéèrè Kẹta Ọmọ Batima

Talgar, lẹ́bàá Almati
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 1995

Bàbá mi Dalelkan, ẹ̀gbọ́n ìyá mi,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ ti fi ìyá mi lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ẹran ńkọ́, ṣé wọ́n ń la òtútù yìí já? Akjelke idì wa ńkọ́, ṣé ó ṣì ń mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wálé? Ẹ bá mi kí gbogbo ará Karatas, àfi Kabil tó sọ pé mi ò ní pẹ́ sá padà wálé.

Kuliash ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó ti lóyún. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi gan-an kí Tileu awakọ̀ tó máa pín in kiri bí ẹni pín iyọ̀.

Inú ilé tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún sí la ṣì ń gbé. Ara ògiri ń làágùn lọ́sàn-án, ó ń di yìnyín tílẹ̀ bá ṣú. Ẹ rántí pé nígbà tí à ń kúrò ní Mongolia, orin la kọ dé ẹnubodè, a ní a ń padà sílẹ̀ baba wa, ilẹ̀ Kàsák. Nílé, àwọn Mongol ń pè wá ní Kàsák. Níbí, àwọn Kàsák ń pè wá ní Mongol. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì bi mí lọ́jọ́sí pé, “Ìwọ Mongol yìí, ta ló kọ́ ọ ní èdè wa?” Mo ní, “Màmá, èyí tí ẹ̀yin ti gbàgbé ni mo ń sọ.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti ta búrẹ́dì fún mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ rèé. Ọ̀gá kan wà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ bíríkìlà, Saken lórúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ ilé àlejò sí ẹsẹ̀ òkè fún àwọn òyìnbó tó ń wá wo ọdẹ ṣíṣe. Ó ti ní kí ayàwòrán ya irú àwọn àwòrán àtijọ́ tó wà lára àpáta wa sára ògiri gbọ̀ngàn: òbúkọ orí òkè oníwo gígùn, àwọn ajá, ọkùnrin orí ẹṣin tó gbé idì sí apá òsì. Ó dára lójú. Ohun tó kù ú kù ni ojúlówó idì tó lórúkọ. Mo sọ fún un pé Akjelke ti mú ìkookò rí, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní bí mo bá lè mú un wá kí ilé náà tó ṣí, òun á fún wa ní ilé oníyàrá méjì tó ní ààrò, a ó sì wọ ibẹ̀ kí òtútù tó ń bọ̀ tó dé. Kuliash ò ní bímọ sáàárín ọ̀dùnkún.

Bàbá, ẹ mọ àṣà jù mí lọ. Ọmọ tí obìnrin ilé bí lè béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ilé ìyá rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ fi dù ú. Mo béèrè ẹṣin pupa, ẹ fún mi. Mo béèrè ẹ̀wù awọ ìkookò, ẹ bọ́ ọ lọ́rùn ara yín. Ìbéèrè kẹta mi rèé: ẹ fún mi ní Akjelke.

Èmi ọmọ yín,
Ardabek


Karatas
Ọjọ́ keje, oṣù Karùn-ún, ọdún 1995

Ardabek ọmọ Batima,

Mo kí ọ. Mo kí ìyàwó rẹ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí Ọlọ́hun sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Ìkíni parí síbẹ̀, nítorí inú ń bí mi.

Àná ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Yìnyín dí ọ̀nà orí òkè pa, ọkọ̀ Tileu sì bàjẹ́ sódìkejì ẹnubodè, ó jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi rọ̀. Nígbà tó fi máa dé, Akjelke ti lọ. Mo ti tú u sílẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ṣé o ò mọ ọdún tí a wà ni? Ìwọ lo di okùn mú lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lára òkè lọ mú un nínú ìtẹ́. O ń sunkún pé ọwọ́ ń dùn ọ́, mo ní bí o bá jù mí sílẹ̀, màá wá bá ọ lójú oorun. Ìwọ lo sọ ọ́ ní Akjelke nítorí funfun tó wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ọdún kẹwàá rèé. Kí la máa ń ṣe fún idì tó bá ti bá wa ṣọdẹ di ọdún kẹwàá? A kì í tà á. A kì í fi ta ọ̀gá lọ́rẹ. Òkè la ti yá a, òkè la sì ń dá a padà fún, kí òun náà lè lọ fẹ́ ọkọ, kó bímọ tirẹ̀. Bàbá mi dá tirẹ̀ padà, bàbá tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. O mọ èyí kí o tó mọ Fátíhà kà.

Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìn àpáta alàwòrán. Mo pa àgùntàn dúdú fún un, mo tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo bọ́ ìbòjú awọ kúrò lójú rẹ̀, mo sì ń lọ nígbà tó ń jẹun lọ́wọ́. A kì í wẹ̀yìn. Mi ò wẹ̀yìn. Bí mo ṣe dé ẹ̀gbẹ́ àpáta, mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún. Batima nìkan ló mọ̀, ìwọ sì ti mọ̀ báyìí, kò sì gbọdọ̀ dé etí Kabil.

Ìwọ náà rántí àpáta yẹn. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ ìwo òbúkọ náà títí ìka rẹ yóò fi pọ́n. A ò mọ orúkọ àwọn tó gbẹ́ ẹ, a ò mọ sàréè wọn. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa lọ́kàn rẹ. Nínú gbogbo ẹran àti ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, èwo ni okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?

Ẹ̀wẹ̀, apá òsì kẹ̀? Ta ni ayàwòrán yẹn, kí ló mọ̀? Apá ọ̀tún là ń gbé idì sí, apá òsì ló ni ìjánu ẹṣin. O dúró níwájú ògiri yẹn, ìwọ tí a tọ́ nílé idì, o wá sọ pé ó dára lójú.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá na ọmọ arábìnrin rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n títí láé. Èyí nìkan ni ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn ọ́ rí, pẹ̀lú gbogbo jàgídíjàgan rẹ. Idì wo ló máa bà lé ọdẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Ká ní mo mọ̀ pé irú lẹ́tà yìí ń bọ̀ ni, ǹ bá ti fi ọwọ́ náà ṣòfò.

Mi ò fi ohunkóhun dù ọ́. Ìbéèrè rẹ bá mi lọ́wọ́ òfo ni. Béèrè nǹkan mìíràn. Béèrè ràkúnmí, béèrè àgùntàn, ojú mi ò ní fà ro.

Ìyá rẹ ní wàrà gbígbẹ wà nínú àpò. Kí Kuliash máa fi sẹ́nu tí èébì bá ń gbé e. Ó ní kò gbọdọ̀ gbé omi, ìwọ ni kí o máa pọn ọ́n.

Dalelkan


Talgar
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà, ọdún 1995

Bàbá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìyá mi á ka lẹ́tà yìí.

Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ bámúbámú nígbà tí mo kọ̀wé sí yín. Ẹ wá ní ẹ ti tú u sílẹ̀ kí lẹ́tà mi tó dé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn ará wa tó wà níbí ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí ọdẹ tó ń kánjú tú idì tó mú ìkookò sílẹ̀, àfi tó bá ti gbúròó pé ẹnì kan ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnu Tileu máa ń ṣáájú ọkọ̀ rẹ̀ dé ibikíbi. Mi ò sọ pé ẹ purọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni mo ń sọ fún yín.

Mo lọ bá Saken, mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti tú idì sílẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Mongolia, irọ́ yín dùn-ún gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó mú ìkookò, lọ́sẹ̀ yìí ó ti fò lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé yóò kú ni?” Ọ̀kan nínú wọn dún bí adìẹ. Iyanrìn ni mo ń pò lọ́wọ́, mo ń pò ó lọ, mi ò gbójú sókè.

Ẹ bi mí pé ẹran wo ni okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lára àpáta. Èmi náà ní ìbéèrè. Nínú gbogbo àwọn tó gbẹ́ àpáta yẹn, ta ló ń sun ilé ọ̀dùnkún pẹ̀lú aláboyún? Ẹyẹ lẹ̀ ń rò, pé kó lọ bímọ. Èmi ń ro ìyàwó mi tó fẹ́ bímọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ń fi àwọn wàrà gbígbẹ yẹn sẹ́nu, ó ń sunkún pé òórùn ilé wà lára wọn, èmi ni mo sì mú un kúrò nílé.

Ẹ ní kí n béèrè ràkúnmí. Kí ni Saken fẹ́ fi ràkúnmí ṣe nínú gbọ̀ngàn? Mi ò ní í pààrọ̀ ìbéèrè mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ láti Ölgii lọ́dọ̀ yín dé Almati pé Dalelkan jẹ́ kí ọmọ obìnrin ilé rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Idì tí wọ́n tú sílẹ̀ máa ń padà sílé, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Bó bá padà, tèmi ni.

Ẹ ò nà mí rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ kọ yẹn, ẹgba ni.

Ardabek


Karatas
Ogúnjọ́, oṣù Kẹjọ, ọdún 1995

Ardabek,

Mi ò kí ọ. Kuliash ni mo kí.

O fi ẹnu àwọn ẹlòmíràn pè mí ní òpùrọ́, o wá ní o ò sọ bẹ́ẹ̀. Bóo bá fẹ́ bú mi, bú mi fúnra rẹ. Nígbà tí bàbá rẹ kú, inú ẹ̀wù mi lo sùn sí. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó bá ń ka oore tó ṣe, ó ti gbà á padà.

Inú rẹ á dùn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Akjelke ti padà wá.

A sọ̀ kalẹ̀ láti pápá òkè wá gé koríko ẹran, mo sì bá a lórí òrùlé ilé tí a ń gbé nígbà òtútù. Bó ṣe gbóhùn mi ló pariwo, ó na ìyẹ́, ó ń retí kí n na apá. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó pariwo títí oòrùn fi wọ̀. Kì í ṣe ebi ló ń pa á, ó lè pa ohun tó bá fẹ́. Èmi ló ń wá.

O mọ ohun tí a máa ń ṣe bí idì bá padà. Òkò la ń sọ lù ú, títí yóò fi gbà pé kò sí ilé níbí mọ́. Ó burú, ṣùgbọ́n bí a ò bá ṣe é, kò ní í lọ wá ọkọ láéláé, yóò sì dàgbà kú sórí òrùlé wa. Ká ní o ò tíì béèrè rẹ̀ ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n o béèrè. O ní bó bá padà, tìrẹ ni. Mi ò ní í jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé wa tó fi nǹkan du ọmọ obìnrin ilé. Mo ti sọ ọ́ lójú ìyá rẹ àti lójú Kabil pé ìwọ lo ni Akjelke láti òní lọ.

Nítorí náà, ọwọ́ mi ti kúrò. Bí mo bá fi ìbòjú bo ojú rẹ̀, mo ti gba ohun tí mo dá padà fún Ọlọ́hun. Bí mo bá lé e, mo ti lé ohun olóhun. Ìwọ lo so mí sáàárín méjèèjì, ìwọ ni kí o wá tú mi. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́: ṣé kí n bò ó lójú kí Tileu gbé e wá fún ọ, àbí kí n sọ ọ́ lókò? Títí di ìgbà náà, mi ò ní í fún un lẹ́ran, mi ò sì ní í gbé òkúta.

Má pẹ́. Kabil ní ẹyẹ náà ti gbé ọ̀dọ́ àgùntàn òun lọ, ó sì ti ń nu ìbọn.

Dalelkan


Karatas
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1995

Ardabek ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀. Ṣé Kuliash ti sọ̀? Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Mo ń fi àárọ̀ àti alẹ́ bẹ Ọlọ́hun nítorí rẹ̀, ìwọ sì jókòó síbẹ̀, o ò lè kọ ìlà méjì péré.

Àwọn méjèèjì ti fẹ́ pa mí. Ẹyẹ wà lórí òrùlé, bàbá rẹ wà lábẹ́ rẹ̀, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn ò sì kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, bíi tọkọtaya tó ń jà. Bàbá rẹ kì í jẹun kánú. Tí mo bá gbé tíì fún un, á tutù sọ́wọ́ rẹ̀. Àná, Kabil yìnbọn sí ẹyẹ náà. Kò bà á, ìyẹ́ kan ló já bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síta láìwọ bàtà, ó já ìbọn gbà lọ́wọ́ Kabil, ó sì fọ́ ọ mọ́ òkúta. Ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ kọlà lọ́jọ́ kan náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Kabil ní, “Ṣé nítorí ẹyẹ ni, Dalelkan?” Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹyẹ ọmọ Batima ni. Lọ bá ọmọ Batima.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ mi jà káàkiri abúlé.

Tẹ́tí sí mi dáadáa. Ẹ̀tọ́ ọmọ obìnrin ilé tí o ń gbé kiri yìí, níbo lo ti rí i? Lára mi ni. Èmi lobìnrin náà. Èmi ni mo dè ọ́ mọ́ ilé yìí. Mi ò bí ọ kí o wá fi pa ẹ̀gbọ́n mi. Bí o bá fẹ́ ẹyẹ, sọ pé o fẹ́ ẹ, kí wọ́n dì í sínú àpótí fún ọ, kí ariwo lè tán. Bí o ò bá fẹ́ ẹ, sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fèsì, Ardabek. A kì í fi ẹyẹ àti àgbàlagbà sílẹ̀ sójú kan kí yìnyín máa bọ̀ wá bá wọn.

Mo fi ìbọ̀sẹ̀ kékeré méjì sínú àpòòwé. Bó bá tóbi jù, yóò dàgbà bá a.

Ìyá rẹ,
Batima


Talgar
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 1995

Bàbá mi, ìyá mi,

Àsàlámù aláékùm. Lẹ́tà yín méjèèjì jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ti bàbá ti wà lábẹ́ àga ọkọ̀ Tileu láti oṣù Kẹjọ, ó ní òun ò rántí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú. Ẹ̀yin rò pé mo dákẹ́, èmi náà rò pé ẹ ti pa mí tì.

Kuliash ti bímọ. Obìnrin ni. A sọ ọ́ ní Marjan. Ó lohùn bíi ti ìyá mi, kò sì sẹ́ni tó ń sùn.

Bàbá, ẹ má rò pé ẹ borí mi. Inú ṣì ń bí mi sí yín, sí àpáta yín, sí Karatas níbi tí gbogbo nǹkan ti ní ìlànà àfi ebi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Saken ò dúró dè wá. Ó ti ra idì kan lọ́wọ́ àwọn kan tí mi ò mọ̀. Nígbà tí ilé náà ṣí, ó ní kí èmi tó mọ ẹyẹ wá máa dúró tì í. Òpó kan wà láàárín gbọ̀ngàn, níwájú ògiri alàwòrán yẹn, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin so idì náà mọ́ ọn. Wọ́n ti fi síṣọ́ọ̀sì gé ìyẹ́ rẹ̀ kó má baà gbá àlejò lójú. Wọ́n ń fún un ní ẹran tí wọ́n jẹ kù, ata àti iyọ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹ mọ bí ojú idì ṣe máa ń rí tí ẹ bá bọ́ ìbòjú rẹ̀, bó ṣe máa ń kọ́kọ́ wá ibi tó jìnnà jù lọ láti wò. Èyí ò wo ibì kankan. Mo sọ fún Saken pé, “Ọ̀gá, ẹyẹ yìí á kú.” Ó ní, “Tìrẹ tó fò lọ ń padà bọ̀, àbí? Tí tìrẹ bá dé, a ó gé ìyẹ́ tirẹ̀ náà, ká tó jù èyí sí ẹ̀yìn ilé.”

Mo gbé e sí apá ọ̀tún mi. Àlejò kan fẹ́ ya fọ́tò, Saken sì ní kí n gbé e sí apá òsì kó lè bá ti ara ògiri mu. Mo ní apá ọ̀tún là ń gbé e sí. Ó ní, “Ta ló máa mọ̀?”

Bàbá, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ti fara da ẹni tó pè mí ní Mongol, mo ti fara da ẹni tó dún bí adìẹ. Èyí ni mi ò lè fara dà. Mo dá ẹyẹ náà padà sórí òpó rẹ̀, nítorí kò lè fò, kò sí ibi tí mo lè gbé e lọ. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi lé Saken lọ́wọ́, mo ní, “Èmi máa mọ̀.” Ó lé mi lójú ẹsẹ̀. Ilé ọ̀dùnkún pàápàá, tirẹ̀ ni, wọ́n sì kó ẹrù wa síta. Àwa mẹ́ta wà nínú yàrá tọkọtaya kan báyìí, aṣọ ìkélé la fi pín in. Tí Marjan bá ké, ọkùnrin ọ̀hún á máa fi bàtà lu ilẹ̀. Wọ́n ní ká kúrò kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

Nítorí náà, ẹ ti rí ohun tí ẹ fẹ́. Mi ò níṣẹ́, mi ò nílé, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni mo gbé idì sí.

Ìbéèrè kẹta mi rèé, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́. Ẹ lé Akjelke lọ. Ẹ lé e débi tí ọwọ́ Kabil àti ọwọ́ Saken ò ní í tó o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣe é, òun ò ní í gbọ́ ti ẹlòmíràn. Mo ti béèrè mẹ́ta báyìí, kò sí ìkẹrin.

Ardabek


Karatas
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 1995

Ardabek ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kuliash, mo kí Marjan. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kó pẹ́ láyé, kó má jogún orí kunkun ọkùnrin ilé wa.

Àgọ́ ń bọ̀ nínú ọkọ̀ Tileu, àgọ́ funfun tí ìyàwó mi tó ti kú lu ìrun àgùntàn rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí a tó bí ọ. Igi rẹ̀ pé, okùn rẹ̀ pé, ààrò kékeré wà nínú rẹ̀. Wá ilẹ̀ tó gbẹ, kọjú ilẹ̀kùn rẹ̀ sí ìlà oòrùn níbi tí a wà. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀ ń gbé inú àgọ́, jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín nínú òtútù. Ìwọ ò béèrè rẹ̀, nítorí náà kò sí lára mẹ́ta. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi sí ọ: oṣù mélòó ni ìwọ àti ìyàwó rẹ fi wà nínú ọ̀dùnkún, dípò kí o béèrè ilé, ẹyẹ lo béèrè.

Mo ti ra ìbọn mìíràn fún Kabil. Ó ní kò dára tó ti tẹ́lẹ̀, irọ́ ló ń pa. A ti ń kí ara wa.

Ohun tí o ní kí n ṣe, mo ti ṣe é.

Mo jáde láàárọ̀, mo ṣa òkúta sínú àpò ẹ̀wù mi. Ó rí mi, ó pariwo. Mo sọ èkíní. Ardabek, ó rò pé ẹran ni. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí kì í sí ohun mìíràn tó ń jáde lọ́wọ́ mi sí i ju ẹran lọ. Ó fò sọ̀ kalẹ̀, ó fi èékánná gbá òkúta náà mú, ó sì wò mí. Mo sọ èkejì, ó bà á ní àyà. Kò tètè lọ. Ó fò lọ bà lórí àpáta alàwòrán, mo tẹ̀ lé e, mò ń bú u, mò ń pè é ní orúkọ tí mi ò pe ajá rí, mò ń sọ òkúta títí àpò mi fi gbẹ. Ó wá gbéra, ó yí lẹ́ẹ̀kan lókè orí mi, ó kọjá sí ìhà ibi tí oòrùn ń wọ̀. Láti ọjọ́ náà, òrùlé ṣófo.

Ìyá rẹ á ní lẹ́tà yìí ṣòro kà. Láti àárọ̀ yẹn ni ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Mi ò lè gbé ife tíì dé ẹnu láìdà á sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé mi ò ní í gbé idì mọ́ láyé mi. Ìyá rẹ ní òtútù ni. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Mi ò na ọmọ arábìnrin mi rí, ìwọ náà sì lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ń gbọ̀n.

Dalelkan